Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Rí Ṣóńṣó Gíráàfù Kuadirátíìkì

Bí ìdánwò WAEC àti NECO bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ tó ń wá gba lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ máa ń gbé wá, ìbáà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ìbáà jẹ́ ọmọ Ṣágámù. Mo kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ń gba oorun lójú ọmọ ló kẹ́yìn.

Kí ni ṣóńṣó gan-an?

Bí o bá ya gíráàfù y = ax² + bx + c, wàá rí ìlà kan tó tẹ̀, tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, tó dé ibì kan, tó sì ṣẹ́rí padà. Ibi tó ti ṣẹ́rí padà yẹn ni ṣóńṣó. Ó lè jẹ́ ibi tó ga jù lọ, ó sì lè jẹ́ ibi tó lọ sílẹ̀ jù lọ, àmọ́ kò sí gíráàfù kuadirátíìkì tó ní méjèèjì.

Nọ́ńbà méjì la fi ń tọ́ka sí i: x ń sọ ibi tó wà, y ń sọ bó ṣe ga tó. Nínú bébà ìdánwò, wọ́n lè pè é ní vertex, turning point, minimum point tàbí maximum point. Má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òkè ló wà tàbí ìsàlẹ̀, kí n tó ya ohunkóhun?

Wo *a* nìkan, ìyẹn nọ́ńbà tó ṣíwájú x². Bí *a* bá jẹ́ pọ́lọ́ọ̀sì, gíráàfù náà á la ẹnu sókè bí igbá tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún omi, ṣóńṣó rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Bí *a* bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì, igbá ti dojú dé nìyẹn, ṣóńṣó á wà lókè. *b* àti *c* kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí *a* bá jẹ́ òdo, kì í ṣe kuadirátíìkì mọ́. Ìlà tó nà gbọọrọ ni, kò sì ní ṣóńṣó.

Fọ́múlà wo ni kí n há sórí?

x = −b/2a. Bí o bá ti rí x, dá a padà sínú ìdọ́gba náà, y á jáde.

Mú y = x² − 6x + 5. *a* jẹ́ 1, *b* jẹ́ −6. Máínọ́ọ̀sì tó wà nínú fọ́múlà bá máínọ́ọ̀sì tó wà lára 6 pàdé, ó di 6, a fi 2 pín in, x = 3. Wàyí o, y = 9 − 18 + 5 = −4. Ṣóńṣó wà ní (3, −4).

Fọ́múlà kejì wà tó ń mú y jáde tààrà: c − b²/4a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi kì í gba ọmọ níyànjú láti há a. Fọ́múlà méjì tó jọra máa ń wọ inú ara wọn nígbà tí ọkàn bá ń sáré nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Níbo ni −b/2a ti wá? Tíṣà wa kàn kọ ọ́ sójú pátákó ni.

Ó wá láti inú pé apá ọ̀tún àti apá òsì gíráàfù yìí dọ́gba. Bí o bá ṣẹ́ bébà tí o yà á sí po níbi ṣóńṣó, apá kan á bo èkejì rẹ́gí. Nítorí náà, ibikíbi méjì tí gíráàfù bá ti ga bákan náà, agbedeméjì wọn gan-an ni ṣóńṣó wà.

Ní báyìí, sún *c* sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. *c* kàn ń gbé gbogbo gíráàfù sókè tàbí sísàlẹ̀ ni, kì í tì í sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ohun tó kù ni ax² + bx, èyí tí í ṣe x(ax + b). Ó di òdo níbi tí x ti jẹ́ 0, ó tún di òdo níbi tí x ti jẹ́ −b/a. Kí ni agbedeméjì 0 àti −b/a? −b/2a ni.

Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní láti bẹ̀rù pé fọ́múlà á fò lọ lórí òun. Ìlà méjì ló máa fi mú un jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣé kì í ṣe inú almighty formula náà ni −b/2a wà?

Ibẹ̀ ni o. Almighty formula ni èyí tí a fi ń wá ibi tí gíráàfù ti gé ìlà x, ìyẹn ibi tí y ti jẹ́ òdo: x = (−b ± √(b² − 4ac))/2a. Ya fọ́múlà náà sí méjì: −b/2a, lẹ́yìn náà ± √(b² − 4ac)/2a. Apá àkọ́kọ́ mú ọ lọ sí àárín, apá kejì sọ iye tí wàá fi rìn sọ́tùn-ún àti sósì kí o tó kan ìlà x.

Bí mo bá ti rí ibi tí gíráàfù ti gé ìlà x, ṣé mo ṣì nílò fọ́múlà?

O ò nílò rẹ̀. Ro ibi méjèèjì pọ̀, pín in sí méjì. x² − 6x + 5 jẹ́ (x − 1)(x − 5), ó gé ìlà x ní 1 àti 5, àárín wọn sì ni 3, bí a ṣe rí i lẹ́ẹ̀kan.

Ṣọ́ra fún àmì. (x + 4)(x − 10) gé ìlà x ní −4 àti 10, kì í ṣe 4 àti −10. Àárín wọn ni 3. Ọmọ tó bá kọ −3 ti ka àmì láti inú bírákẹ́ẹ̀tì láì bi ara rẹ̀ pé kí ló máa sọ bírákẹ́ẹ̀tì náà di òdo.

Bí kò bá wá gé ìlà x rárá ńkọ́?

Ṣóńṣó ṣì wà níbẹ̀. Mú y = x² − 4x + 7. b² − 4ac jẹ́ 16 − 28, ìyẹn −12, kalikuletọ sì máa kọ̀ láti wá rúùtù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ "no solution" síbẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Wọn ò béèrè ibi tó ti gé ìlà x lọ́wọ́ rẹ! x = 4/2 = 2, y = 4 − 8 + 7 = 3. Gíráàfù náà kàn rọ̀ sókè ìlà x ni, kò balẹ̀ dé ibẹ̀.

Bí o bá sì fẹ́ ọ̀nà àárín, wá ibi méjì mìíràn tó ga bákan náà. Fi y sí 7: x² − 4x = 0, x jẹ́ 0 tàbí 4. Àárín wọn, 2.

Nínú y = (x − 3)² − 4, kí ló dé tí ṣóńṣó fi wà ní 3, tí kò wà ní −3?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, mo sì mọ̀ pé "yí àmì inú padà" ni ìdáhùn tí wọ́n ń fún wọn nílé ìwé. Òfin yẹn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìdánwò, ọmọ á yí àmì −4 náà padà mọ́ ọn.

Rò ó báyìí. Nọ́ńbà yòówù tí o bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, èsì rẹ̀ kò lè kéré ju òdo lọ. Nítorí náà (x − 3)² kò lè lọ sílẹ̀ ju 0. Ìgbà wo ló máa jẹ́ 0? Ìgbà tí x bá jẹ́ 3. Ní àkókò yẹn, −4 nìkan ló kù, òun ni y tó kéré jù. Ibikíbi tí x bá tún wà, ohun kan á ti lé lórí −4. Kò sí àmì kankan láti yí: ohun tó ń sọ bírákẹ́ẹ̀tì di òdo ni x, ohun tó kù níta ni y.

Tó bá jẹ́ (x + 5)² + 2, kí ló máa sọ x + 5 di òdo? −5. Ṣóńṣó wà ní (−5, 2).

Kí ni completing the square, kí ló sì dé tí wọ́n fi ń fi dà wá láàmú?

Òun ni ọ̀nà tí a fi ń sọ x² − 6x + 5 di (x − 3)² − 4, kí ṣóńṣó lè hàn sójú. Mú ìdajì nọ́ńbà tó wà lára x, ìyẹn −3. Fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, 9. x² − 6x + 9 ni (x − 3)². Ṣùgbọ́n 5 la ní, kì í ṣe 9, nítorí náà a yọ 4 kúrò.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láyé. Al-Khwarizmi, onímọ̀ tó gbé ní ìlú Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, fi àwòrán ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú x² + 10x = 39. Ya ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jọ jẹ́ x. Pín 10x sí ọ̀já méjì, 5x níyí, 5x lọ́hùn-ún, kí o sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjì ilẹ̀ náà. Igun kan ṣófo: 5 níbùú, 5 lóròó, 25. Bí o bá fi 25 dí i, ilẹ̀ ńlá náà di 39 + 25, ìyẹn 64, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8. x + 5 = 8, x = 3. Òun kì í ka ìdáhùn tó bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì sí, ìdí nìyẹn tí −13 kò fi sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ọmọ tó bá ya àwòrán yìí lẹ́ẹ̀kan kò tún ní béèrè ìdí tí a fi ń mú ìdajì.

Bí *a* kò bá jẹ́ 1 ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣì í.

y = −2x² + 8x − 3. Yọ −2 kúrò lára x² àti x nìkan: −2(x² − 4x) − 3. Nínú bírákẹ́ẹ̀tì, x² − 4x = (x − 2)² − 4. Ó di −2[(x − 2)² − 4] − 3.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú rèé: −4 yẹn ṣì wà lábẹ́ −2. Tó bá ń jáde, −2 gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó di +8. 8 − 3 = 5. Èsì rẹ̀ ni −2(x − 2)² + 5, ṣóńṣó wà ní (2, 5), òkè ló sì wà. Ọmọ tó bá gbé −4 jáde ní òfìfo á kọ −7.

Ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé, èmi ò sì ka ìṣirò jìnnà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó gbà á?

Ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú fọ́múlà, mà. Ẹ ní kó sọ x tó rí fún yín. Ẹ ní kó fi ẹyọ kan kún un, kó ṣírò y. Ẹ ní kó tún yọ ẹyọ kan kúrò lára x àkọ́kọ́ yẹn, kó ṣírò y. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú x² − 6x + 5, tí x bá jẹ́ 4, y jẹ́ −3. Tí x bá jẹ́ 2, y jẹ́ −3. Ó gbà á.

Ohun kan tún wà fún bàbá tàbí ìyá tó bá fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: bí ẹ bá yọ y ṣóńṣó kúrò nínú iye yẹn, *a* gan-an ló gbọ́dọ̀ kù. Níbí, −3 − (−4) = 1. Bí ó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, y rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

Nínú tébù tí wọ́n fún wa, iye tó kéré jù ni −6. Kí ló dé tí wọ́n fi fagi lé e?

Nítorí pé tébù kì í sábà dé ibi ṣóńṣó. Mú y = 2x² − 5x − 3, láti x = −2 dé 4. Iye y ni 15, 4, −3, −6, −5, 0, 9. Ọmọ rí −6 lábẹ́ x = 1, ó sì kọ (1, −6). Ṣùgbọ́n wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì −6: −3 wà lósì, −5 wà lọ́tùn-ún. Wọn ò dọ́gba, nítorí náà àárín kò sí níbẹ̀. −b/2a sọ pé 5/4, ìyẹn 1.25, y sì jẹ́ −6.125.

Bí o bá ń ya á, má fi rúlà so (1, −6) pọ̀ mọ́ (2, −5). Fi ọwọ́ fa pẹ́ńsùlù rẹ kọjá díẹ̀ sábẹ́ −6 kí o tó gòkè. Ẹni tó ń máàkì máa ń wo ibẹ̀ gan-an, ìsàlẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tó mú ṣọnṣọ á sọ fún un pé rúlà ni o lò.

Kí ni ìwúlò rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò?

Ká ní ìyá kan ń ta gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ní ọjà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde. Ní 1,000 náírà kọ́ńgò kan, ó ń ta kọ́ńgò 60 lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fi 50 náírà lé owó rẹ̀, kọ́ńgò 2 ń dín nínú ohun tó ń tà. (Èmi ni mo gbé iye wọ̀nyí kalẹ̀ fún iṣẹ́ o, ẹ má fi ná gàrí lọ́jà.) Bí iye ìgbà tó fi 50 náírà lé e bá jẹ́ x, owó tó ń wọlé jẹ́ (1000 + 50x)(60 − 2x). Ó di òdo níbi −20 àti 30, àárín wọn jẹ́ 5. Kó tà á ní 1,250, á ta kọ́ńgò 50, 62,500 náírà á wọlé.

Ṣùgbọ́n owó tó wọlé kì í ṣe èrè. Bí kọ́ńgò kan bá ná an ní 800 náírà, èrè orí kọ́ńgò kan jẹ́ 200 + 50x, gbogbo èrè sì jẹ́ (200 + 50x)(60 − 2x). Ó di òdo níbi −4 àti 30, àárín wọn 13. Owó kọ́ńgò kan di 1,650, á ta 34, èrè rẹ̀ á jẹ́ 28,900. Ní 1,250 tí a kọ́kọ́ rí, èrè 22,500 péré ni ì bá jẹ. Ìbéèrè méjì, ṣóńṣó méjì. Nínú ìdánwò, fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní kó pọ̀ jù kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ìyá gàrí máa wá gbé e dé 1,650? Kò dá mi lójú. Bí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì bá ṣì ń tà á ní 1,000, kì í ṣe kọ́ńgò 2 péré ló máa dín, ọjà ló máa kú. Ìṣirò gba pé oníbàárà ń dín lọ́nà kan náà títí. Ọjà kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀.

Bí x bá jáde ní 2.5, tí ohun tí à ń kà kò sì ṣeé gé sí méjì?

2 àti 3 á fún ọ ní iye kan náà, mú èyí tó bá wù ọ́. Bí ó bá jẹ́ 2.3, mú 2, nítorí pé òun ló sún mọ́ ṣóńṣó jù. Dídọ́gba apá méjèèjì ló jẹ́ kí èyí rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìgbà gbogbo ni ìdáhùn tó pọ̀ jù máa ń wà ní ṣóńṣó?

Rárá, ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ìṣirò gan-an ló sì máa ń jìn sí kòtò yìí. Ẹnì kan ní Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ fi wáyà 40 mítà ṣe ọgbà adìyẹ, ògiri ilé rẹ̀ á dúró fún ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ọgbà náà bá jìn tó x sí ògiri, gígùn rẹ̀ jẹ́ 40 − 2x, ààyè rẹ̀ sì jẹ́ 40x − 2x². Ṣóńṣó wà ní x = 10, ààyè 200 mítà onígun mẹ́rin. Àmọ́ ká ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò ju 8 mítà lọ kó tó kan ọgbà aládùúgbò. 10 kò sí nínú ohun tó lè ṣe. Ó máa lo 8, gígùn á jẹ́ 24, ààyè á jẹ́ 192.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fún ọ ní ààlà, kọ́kọ́ wò ó bóyá ṣóńṣó wà láàárín ààlà náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìpẹ̀kun tó sún mọ́ ọn jù ni ìdáhùn. Bí gíráàfù bá sì la ẹnu sókè, tí wọ́n wá ń béèrè èyí tó pọ̀ jù, ìpẹ̀kun tó jìnnà sí ṣóńṣó jù ni kí o mú.

Wọ́n fún wa ní iye mẹ́ta, wọn ò fún wa ní ìdọ́gba. Kí ni ṣíṣe?

Ká ní y jẹ́ 3, 8, 9 nígbà tí x jẹ́ 0, 1, 2. Iye tó wà lábẹ́ 0 ni *c*, ìyẹn 3. Láti 1, a + b = 5. Láti 2, 4a + 2b = 6, èyí tí í ṣe 2a + b = 3. Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: a = −2, b = 7. x = 7/4, ìyẹn 1.75, y sì jẹ́ 9.125. Kì í ṣe 9 tó wà nínú tébù.

Bí ó bá jẹ́ ṣóńṣó fúnra rẹ̀ ni wọ́n fún ọ, pẹ̀lú ibì kan tí gíráàfù gbà kọjá, ó tilẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣóńṣó (2, 5), ó gba (0, −3) kọjá: y = a(x − 2)² + 5, −3 = 4a + 5, a = −2.

Ṣé −b/2a ń ṣiṣẹ́ fún x³?

Kò ṣiṣẹ́. Gíráàfù x³ kò ní ìlà àárín tí a lè ṣẹ́ bébà lé lórí. Ó lè ṣẹ́rí padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè má ṣẹ́rí rárá. Àwọn tó ń ṣe Further Maths á lo differentiation, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń wá bí gíráàfù ṣe dagun tó níbi kọ̀ọ̀kan; níbi ṣóńṣó, òdo ni. Bí wọ́n bá lò ó fún kuadirátíìkì, 2ax + b = 0 ló máa jáde, −b/2a kan náà.

"Wá k tí ṣóńṣó y = x² + kx + 9 á fi wà lórí ìlà x." Báwo la ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí gbólóhùn náà ń sọ: y ṣóńṣó jẹ́ òdo. x ṣóńṣó jẹ́ −k/2. Dá a padà sínú ìdọ́gba: k²/4 − k²/2 + 9 = 0, ìyẹn 9 − k²/4 = 0, k² = 36.

k jẹ́ 6 tàbí −6. Pẹ̀lú 6, gíráàfù fara kan ìlà x ní −3. Pẹ̀lú −6, ó fara kan án ní 3. Kọ méjèèjì, nítorí máàkì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.